Ọ̀gá Gbọ́dọ̀ Wà Lórí Bẹ́ǹṣì

Kí àrùn tó dá Zakariyah jókòó sílé, bó bá la ẹnu sọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, àwọn tó ń ra ẹja ní Òṣòdì á bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Èmi lẹ̀ ń pè?" Fọ́kanáísà ni, ó ń lẹ táyà, ó ń pààrọ̀ táyà, ó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Zaka ni gbogbo awakọ̀ ń pè é. Ó lè fi ọwọ́ kan gbé táyà tírélà bí ìgbà tí èèyàn gbé àwo àkàrà. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan tí awakọ̀ kan gbé táyà tó ti pá bí orí àgbà wá, tó ní kí ó ṣáà bá òun fẹ́ atẹ́gùn sí i kí òun fi dé Ìbàdàn, Zakariyah figbe ta débi pé bàálù tó ń balẹ̀ lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú tún gbéra padà sókè, ẹni tó ń wà á rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà ní orígun kan náà, níbi tí ọ̀nà Ìsọlọ̀ ti yà sí Àjàó Estate, lábẹ́ páànù mẹ́rin àti igi mẹ́ta. Kòtò kan wà níwájú ìsọ̀ náà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń bọ́ wọn nílé. Ó jìn débi pé bí ọkọ̀ kékeré bá kó sí i láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìró ibi tó balẹ̀ sí. Kò sí ìrun tí Zakariyah kí tí kì í fi kòtò yẹn sádùúrà.

Àfi ní oṣù méje sẹ́yìn, tó gbé búútà omi láti ṣe àlùwàlá, tí búútà bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, òun náà sì bá búútà lọ sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé e bọ̀. Ọwọ́ òsì ń rọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lórí okùn, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì já wálẹ̀ débi pé bó bá mu omi, apá kan á wọlé, apá kan á jáde padà wá kí àwọn ará ilé. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí epo tó ń kán láti inú kẹ́ẹ̀gì tó fẹ́ tán.

Zakariyah tó fẹ́ràn èrò bí eṣinṣin ti fẹ́ràn ọgbẹ́ wá kọjú sí ògiri nínú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà ní Máfolúkù. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí òun. Ẹnikẹ́ni. Kódà Khàlíl, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, bó bá wá, ẹ̀yìn ni bàbá ń kọ sí i títí á fi lọ.

Ìsíátù ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Khàlíl, omi tútù àti bisikíìtì ló ti ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ náà láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti pàtẹ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n ojú kì í gbàwé àṣẹ kó tó kọ́ nǹkan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí Zakariyah ti dùbúlẹ̀, tí ìkòkò kò gbóná mọ́, tí oògùn sì fẹ́ tán, Ìsíátù wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó ró ìró lé e, ó lọ ṣí ìsọ̀, ó fa okùn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ bí bàbá arúgbó tó ti ń fa tábà kí wọ́n tó la ọ̀nà Òṣòdì, ó sì dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá oníbisikíìtì di fọ́kanáísà.

Àwọn awakọ̀ béèrè ọ̀gá. Kí ni kó sọ? Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, ìlú rẹ̀, lọ gba ìtọ́jú. Irọ́ kékeré ni lọ́jọ́ tó bí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ irọ́, kò ju oṣù kan lọ tó fi hu irùngbọ̀n. Ẹnì kan ra orí iṣu pé kí ó bá òun fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Zaka ní Ìsẹ́yìn. Ẹlòmíràn gbé àgbébọ̀ adìyẹ wá. Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìsẹ́yìn ní òun á yà kí i lọ́jọ́ Sátidé, ó di dandan kí Ìsíátù yára gbé ọkọ rẹ̀ kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, tí ọ̀kadà kì í dé, tó jẹ́ pé ẹyẹ gan-an, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn débẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ọkùnrin náà wà ní Máfolúkù, ó ń jẹ orí iṣu, ó ń jẹ adìyẹ, ó sì kọjú sí ògiri.

Iṣẹ́ ń lọ. Ìsíátù mọ táyà tú, ó mọ̀ ọ́n lẹ̀, ó mọ̀ ọ́n wọ̀ padà sí rímù. Àfi nígbà tí táyà Olúfọlákẹ́ dé.

Olúfọlákẹ́ ń gbé ní Àjàó Estate, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní pápákọ̀ òfurufú. Táyà iwájú ọkọ̀ rẹ̀, lápá ọ̀tún, ń jò díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ á kún, bó bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, á ti balẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìgbà tí erin bá jókòó lé e. Ìsíátù tú u, ó rì í sínú omi, kò rí ibi kankan tí omi ti hó. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó fún un ní afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kejì obìnrin náà padà wá. Ìsíátù lẹ ibì kan tó fura sí. Lọ́jọ́ kẹta ó tún padà wá, ó sì ti pẹ́ débi iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bú u. Ó kàn sọ fún fọ́kanáísà mìíràn lọ́nà Òṣòdì pé ìyá yẹn ń gbìyànjú, àmọ́ bóyá iṣẹ́ náà kò tíì yé wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sùn síbi tó ti sọ ọ́. Kí ó tó parí rẹ̀, ó ti dé etí alága.

Fákúnlé ni alága ẹgbẹ́ àwọn fọ́kanáísà àdúgbò náà. Ọmọ Ìkìrun ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé e lára, lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ kọ sí i kó tó lé e. Òun àti Zakariyah jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà ní Múṣin. Zakariyah ló kọ́kọ́ wọlé ọ̀gá, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè é, ìgò omi rẹ̀ ló sì máa ń bá a gbé kiri. Lọ́jọ́ Ajé, Fákúnlé gbé ìwé òfin ẹgbẹ́ sí abíyá, ìwé tó nípọn débi pé èèyàn lè fi rọ́pò jáàkì, ó wá sí ìsọ̀. Ó kí Ìsíátù dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bomi mu. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu.

"Ìyá Khàlíl, ta ló fún yín ní fírídọ̀mù?"

Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí mọ ohun tí ìbéèrè yẹn wúwo tó. Bí ọmọṣẹ́ bá sin ọ̀gá rẹ̀ tí ọdún rẹ̀ pé, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí lójú ẹgbẹ́, á ṣàdúrà fún un, á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á ní máa lọ, ọwọ́ rẹ á mókè. Ẹni tí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, tó wá ń dá ṣiṣẹ́, lójú ẹgbẹ́ ó sàn kó jí ewúrẹ́.

Ìsíátù ronú kíá. Ó ní ọkọ òun ni.

"Ó dáa. Àmọ́ òfin tó tẹ̀ lé e ní ẹni tó bá ti gba fírídọ̀mù kò gbọdọ̀ pàtẹ sí ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ṣì wà láyé. Ó gbọ́dọ̀ fi òpó iná mẹ́wàá jìnnà sí i. Ẹ máa kó lọ nìyẹn."

Ìsíátù ki ríbáàsì bí awakọ̀ tó rí ọlọ́pàá lókèèrè. "Ẹ má bínú, Alága. Wọn kò tíì fún mi. Ọmọṣẹ́ ṣì ni mí."

"Ọ̀gá yín dà? Ọmọṣẹ́ kì í fọwọ́ kan táyà oníbàárà bí ọ̀gá kò bá sí lórí bẹ́ǹṣì."

"Wọ́n wà ní Ìsẹ́yìn."

"Ṣé láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti ń wo géèjì afẹ́fẹ́ ni?"

Fákúnlé fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ohun tó ń sọ. Ó ń wo bàtà rẹ̀ bíi pé inú bàtà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kùn. Ó ní ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí òun ti ń fi etí palàbà sí i, àwọn èèyàn ti wá ń sọ pé nítorí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni. Títí di ọjọ́bọ̀, bí ọ̀gá kò bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹgbẹ́ á fi orígun náà fún ẹlòmíràn tó ti gba fírídọ̀mù. Ó dìde, ó gbé ìwé rẹ̀, ó sì lọ. Kò tiẹ̀ rántí gba afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gbà sí táyà ọ̀kadà rẹ̀.

Ọ̀nà wo ni Ìsíátù kò gbà láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́rú? Ó bẹ Zakariyah. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó fi Khàlíl bẹ̀ ẹ́, ó fi àwọn òbí rẹ̀ tó ti kú bẹ̀ ẹ́ títí àwọn òkú fi fẹ́ẹ̀ dìde wá bá a dá sí i. Ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí òórùn rẹ̀ mú kí àwọn ayálégbé yàrá mẹ́jọ ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Zakariyah jẹ ẹ, ó kọjú sí ògiri. Ìsíátù wá bínú, ó ní bó bá jẹ́ ògiri yẹn ló fẹ́ fi ṣe ìyàwó, kí ó kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ ìmáàmù. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ kán sílẹ̀ láti ẹnu ọkọ rẹ̀, pé kí wọ́n gbà á. Kí wọ́n gba orígun náà.

Ohun tó dun Ìsíátù jù nìyẹn. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìsọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà. Bí orígun yẹn bá lọ, kí ló tún kù tí ọkùnrin yìí á kọjú sí yàtọ̀ sí ògiri?

Lọ́jọ́rú, òjò rọ̀. Irú òjò tó jẹ́ pé àwọn ẹja kan lúwẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ lọ sókè. Ìsíátù ti ṣe ìlérí fún Olúfọlákẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni táyà rẹ̀ á ti ṣetán, obìnrin náà ti fi í sílẹ̀, ó sì ń fi táyà sípéà wọlé wọ̀de. Kò sí bó ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú àgbàrá, ló bá gbé táyà náà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé e wá sí Máfolúkù, ó gbé e wọ yàrá. Ó gbé bàsíà ìfọṣọ sí àárín ilé, ó da omi sí i, ó fi ọwọ́ po ọṣẹ sí i, ó ti táyà bọ̀ ọ́ ní ìdajì, ó ń yí i. Kò ṣe é láti fi fa ojú ọkọ rẹ̀. Ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Ó kàn fẹ́ mú ìlérí kan ṣẹ kí wọ́n tó lé e.

Ó yí i lápá ọ̀tún, kò hó. Ó yí i lápá òsì, kò hó. Ó tutọ́ sí orí fáàfù, ìyẹn ẹnu róbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bó ṣe máa ń rí i tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Itọ́ náà jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò mì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Zakariyah kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n etí kì í kọjú síbì kan. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń dún. Ó gbọ́ bí ó ṣe tutọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wo ọmọ kékeré tó ń fi ọ̀bẹ gé iṣu. Ó mú un mọ́ra. Ó tún mú un mọ́ra. Nígbà tí Ìsíátù tutọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tí ó tún kàn ń wò ó, ọkùnrin náà yí padà.

"Tẹ̀ ẹ́."

Ìsíátù gbójú sókè.

"Fáàfù. Tẹ̀ ẹ́. Sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ fáàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú rímù, ojú kékeré kan là lára róbà bí ojú ológbò tó ń jí, omi ọṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bó bá dúró gangan, ó ti pa. Bí táyà bá ń yí lójú títì tí fáàfù tẹ̀, ó ṣí. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Ìsíátù fi ń wá olè nínú oko, olè sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó pariwo ẹ̀rín, ó na ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ sókè, ó ń jó yí bàsíà po. Zakariyah náà gbàgbé, ó ń mi orí bí ọba tó ti ṣẹ́gun. Nígbà tó rántí, ó tún fẹ́ kọjú sí ògiri. Àmọ́ Ìsíátù ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ló dé tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n rí yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Zakariyah gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

"Ojú mi. Wọ́n á... ṣàánú mi."

Ìsíátù kò sọ pé wọn kò ní ṣàánú rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n á ṣe é. Ó wo ojú náà, ó wò ó bí ìgbà tó ń wo táyà.

"Bàbá Khàlíl, táyà tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ bá ti jẹ, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

Zakariyah mọ̀ ọ́n. Kò sí fọ́kanáísà tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tú u kúrò lára rímù, wọ́n á yí i padà, ẹ̀gbẹ́ tó jẹ á kọjú sínú, èyí tó dáa á kọjú síta, á sì tún sáré fún ọjọ́ pípẹ́.

"Màá yí bẹ́ǹṣì yẹn padà," Ìsíátù wí. "Òsì yín á kọjú sí páànù ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, ọ̀tún yín á kọjú sí títì. Ẹni tó bá fẹ́ rí òsì yín, àfi kó kọ́kọ́ lọ yí padà di aláǹgbá."

Ohùn kan jáde láti ọ̀fun Zakariyah. Ìsíátù kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ há a ni. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, itọ́ bá a jáde, ó sì dún bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń gbìyànjú láti dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Oṣù méje nìyẹn tí kò ti rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn dé ìsọ̀. Ẹni tó wà á ṣe jẹ́jẹ́, àfi bí ẹni tó ru ẹyin. Ìsíátù ti lọ yí bẹ́ǹṣì padà lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó gbé ọkọ rẹ̀ jókòó, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó wé láwàní rẹ̀ dáadáa. Láti ojú títì, ọkùnrin pípé ló jókòó síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ rí i. Ìró fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, fún-ún, fún-ún, fún-ún, títí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú fi rò pé ààrẹ ló ń kọjá. Wọ́n béèrè pé Ìsẹ́yìn ńkọ́. Zakariyah ronú díẹ̀, ó ní ó tutù. Olúfọlákẹ́ wá gbé táyà rẹ̀. Ìsíátù ti ki fáàfù tuntun sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì lójú oníbàárà, kò hó. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí Zakariyah lápá ọ̀tún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Fákúnlé dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá pẹ̀lú ìwé òfin. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró lójijì, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀ tí òjò àná fi sílẹ̀, òun alága pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé òun kò wá sí Ìsẹ́yìn. Zakariyah mi orí, kò yí ojú padà. Òsì rẹ̀ kọjú sí páànù. Fákúnlé ò tíì rí i. Ó jókòó sórí àpótí bisikíìtì, ó ṣí ìwé láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, tó ń kó omi inú ọ̀rá. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti balẹ̀. Awakọ̀ ní kí wọ́n ṣáà bá òun fún un ní afẹ́fẹ́ kíákíá, omi òun ń gbóná. Ìsíátù béèrè ìgbà tó balẹ̀. Awakọ̀ ní kò pẹ́, kò pẹ́ rárá. Ìsíátù rọ́ okùn afẹ́fẹ́ mọ́ fáàfù, ó fa ẹ̀rọ, ariwo ẹ̀rọ gba ìsọ̀ kan. Táyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ìsíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sún ojú mọ́ géèjì láti ka bí afẹ́fẹ́ ṣe kún tó, orí rẹ̀ sì wà gangan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Lórí bẹ́ǹṣì, Zakariyah gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ. Tá. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Tá, tá. Bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ wẹ́wẹ́ nínú yàrá kejì. Wáyà tó wà nínú ara táyà ni, ó ń já níkọ̀ọ̀kan. Táyà tí wọ́n ti wà lórí òfìfo láti ọ̀nà jíjìn ló máa ń dún bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó sún mọ́ ọn tó padà wá ròyìn bó ṣe parí.

Zakariyah yí gbogbo ara rẹ̀ padà, ọ̀tún, òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó já, ẹnu tó wọ́, gbogbo rẹ̀ kọjú sí títì.

"Ìsíátù! Kúrò níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà kò kán. Ó jáde lódidi, pẹ̀lú ohùn àtijọ́. Ìsíátù kò ronú, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ni etí rẹ̀ ti fi ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ohùn yẹn. Ó fò sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀rọ, ó dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Táyà náà bẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé àrá ló sán lọ́jọ́ yẹn. Páànù kan fò kúrò lórí ìsọ̀, ó lọ sọdá títì láì wo ọ̀tún, láì wo òsì. Ọ̀rá omi ogún fọ́ lórí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fìlà Fákúnlé gòkè, kò sì kánjú bọ̀. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ṣí ara rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, àfi omi tó ń dà.

Ìsíátù gbé orí sókè. Ẹrẹ̀ kún imú rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ojú, imú, ẹnu, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ̀gbẹ́ táyà náà ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí àpò tí a fa sípù rẹ̀, ní ibi tí ojú Ìsíátù ti wà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Awakọ̀ jẹ́wọ́ pé láti Àpápá ni òun ti wà á bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Zakariyah rí i pé gbogbo èèyàn ti sá jọ, òun sì kọjú sí wọn tán pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè láti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò débẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Táyà ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo Ìsíátù, wọ́n tún ń wo òun bí ìgbà tí wọ́n ń wò ó tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀.

Fákúnlé ló sún mọ́ ọn. Ó rí ojú náà wàyí, ó rí gbogbo rẹ̀. Omi lé ròrò sí ojú tirẹ̀, àmọ́ ó gbé e mì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lápá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láàárín òun àti páànù, níbi tó há débi pé ìdí kan ṣoṣo ló ráyè jókòó, ìdí kejì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, màá kọ ọ́ pé ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnikẹ́ni tó bá tún kùn, màá mú un wá wo táyà yìí." Ó wo Ìsíátù, ó tún wo ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ máa wá fún wọn ní fírídọ̀mù? Kí n lè kọ ìyẹn náà."

Zakariyah wo ìyàwó rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti padà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Kò tíì... mọ nǹkan kan. Ó di... ogún ọdún sí i."

Inú bí Ìsíátù. Òun tó ti ṣí ìsọ̀ yìí fún oṣù méje, òun tó ti lẹ táyà tó lè yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, òun ni kò mọ nǹkan kan. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ìgbà náà ló rántí òpó iná mẹ́wàá tí ẹni tó bá gba fírídọ̀mù gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ọkùnrin náà ti kà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ó ní.

Ó fi etí ìró rẹ̀ tó ṣì mọ́ nu itọ́ kúrò ní igun ẹnu ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, Zakariyah kò sì yí ojú padà. Ó ń wo òkè ní tirẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń gba ibi tí páànù ti fò kúrò wọlé. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òdìkejì títì.

"Fákúnlé. Lọ... gbé páànù wá."

Alága ẹgbẹ́ fọ́kanáísà dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbé ìwé òfin kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì sọdá títì lọ gbé e.